Ohun Tó Pa Zarko Lẹ́rìn-ín

Bí ẹ bá rí obìnrin tó ń fi omi àti ọṣẹ fọ fọ́tò ara rẹ̀ lórí ibojì lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, ní ìlú tiwa, ẹ má sá. Kò tíì kú. Ọkọ rẹ̀ ló kú, wọ́n sì gbẹ́ ojú àwọn méjèèjì sára òkúta kan náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, torí ta ló máa dúró dìgbà tí àwọn ọmọ tó lọ ṣiṣẹ́ ní Vienna yóò ráyè ṣe tiẹ̀? Wọ́n kọ ọdún tí wọ́n bí i, wọ́n fa ìlà kékeré síwájú rẹ̀, wọ́n fi àyè sílẹ̀. Àyè yẹn kì í ba ẹnikẹ́ni lẹ́rù níbí. Ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù ni kí fọ́tò má dára.

Ibẹ̀ ni iṣẹ́ tèmi ti wọlé. Tihomir lorúkọ mi, èmi ni mo ni ilé fọ́tò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ afárá odò Timok. Nígbà kan, ìgbéyàwó ni mò ń yà jẹun. Ní báyìí gbogbo èèyàn ti ní kámẹ́rà nínú fóònù, àwọn òkú nìkan ló kù tí wọn kò lè ya ara wọn.

Radoje ló ń gbẹ́ òkúta nílùú wa. Ẹ̀rọ rẹ̀ ń fi abẹ́rẹ́ gún òkúta dúdú, ibi tí fọ́tò bá ti funfun ló ń gún, kò sì mọ ojú èèyàn yàtọ̀ sí ìdọ̀tí. Fọ́tò tí wọ́n bá yà níbi tí iná kò tó máa ń kún fún ohun tí mo ń pè ní iyanrìn, àwọn àmì wínníwínní tí kámẹ́rà fi ń dí ibi tí kò ti ríran. Ojú wa máa ń fò wọ́n, abẹ́rẹ́ Radoje kì í fo ẹyọ kan. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, ó gbẹ́ ọkùnrin kan tó ń pín lẹ́tà láìjẹ́ kí fọ́tò náà kọ́kọ́ gba ọ̀dọ̀ mi kọjá. Orí oorun ni ọkùnrin náà kú sí, ṣùgbọ́n lórí òkúta, ẹni tí ìgbóná pa ni. Láti ìgbà yẹn, Radoje kì í gba fọ́tò tí kò bá ti ọwọ́ mi wá, èmi náà sì ń gbéra ga díẹ̀.

Ní ìparí oṣù kẹjọ, Màmá Stanojka wọlé sọ́dọ̀ mi pẹ̀lú Persida, àbúrò ọkọ rẹ̀. Zarko, ọkọ rẹ̀, ti kú láti oṣù kẹwàá ọdún tó kọjá, wọ́n sì gbọ́dọ̀ gbé òkúta náà dúró kí ọdún tó pé. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin ni Màmá Stanojka. Persida fi ọdún márùn-ún kéré sí i, kò lọ́kọ rí, inú ilé tí wọ́n bí i sí ló ṣì ń gbé. Àwọn tó wá tọrọ rẹ̀ nígbà èwe, ó sín wọn jẹ tán pátápátá, ìrìn wọn, ohùn wọn, bí wọ́n ṣe ń nu imú, títí wọ́n fi gba ilé wọn lọ.

“Ìyàwó wa, sún, jẹ́ kí n jókòó,” Persida wí.

“Ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ni mo ti ń sún fún ẹ. Ògiri ló kù tí mo máa sún wọ̀.”

“Ṣebí ilé bàbá mi náà ni ògiri ọ̀hún. Sún wọ̀ ọ́, mo fàyè gbà ẹ́.”

Màmá Stanojka yọ ike kékeré kan nínú báàgì, irú èyí tí àwọn kámẹ́rà àtijọ́ ń fi fọ́tò pamọ́ sí, ó gbé e sọ́wọ́ mi bí ẹni ń gbé ẹyin, mo sì fi í sínú kọ̀ǹpútà. Ọmọ ọmọ rẹ̀ kan ló ya fọ́tò náà ní ogún ọdún sẹ́yìn, nínú ahéré tí Zarko ti ń se rakia, ọtí èso wa. Iná abẹ́ ìkòkò ọtí nìkan ló ń tàn níbẹ̀. Màmá Stanojka dúró níwájú, ẹ̀gbẹ́ kan ojú rẹ̀ pọ́n nínú iná. Zarko dojú kọ ọ́, ó gbé orí sẹ́yìn, ó la ẹnu débi pé a lè ka eyín tí kò sí níbẹ̀. Lẹ́yìn wọn, òkùnkùn ni, iyanrìn sì bò ó bámúbámú.

Ẹnu yà mí, mi ò sì lè fi pamọ́. Gbogbo wa la mọ Zarko. Èèyàn rere ni, ṣùgbọ́n kì í rẹ́rìn-ín. Èmi ni mo ya fọ́tò àádọ́ta ọdún ìgbéyàwó rẹ̀, ó sì rí nínú gbogbo wọn bí ẹni tí ọlọ́pàá mú.

“Èmi ni mo pa á lẹ́rìn-ín,” Màmá Stanojka sọ, ó sì gbé àgbọ̀n sókè. “Mo sọ̀rọ̀ kan fún un.”

“Ọ̀rọ̀ wo ni, Màmá?”

“Ọ̀rọ̀ kan ni. Tèmi àti tiẹ̀ ni.”

“Ogún ọdún ló ti ń dá wa lóhùn báyẹn,” Persida wí. Ó yí ojú kúrò lára kọ̀ǹpútà. “Tihomir, bí mo bá jẹ́ ìwọ, màá lo ti káàdì ìdánimọ̀ ẹ̀. Ojú ẹ̀ hàn dáadáa níbẹ̀.”

“Èyí tó ti dà bí ẹni tó jí màlúù?” Màmá Stanojka béèrè.

“Ojú tí Ọlọ́run fún un nìyẹn.”

“Ìlara ló ń dà ẹ́ láàmú, ọkọ mi kékeré. Gbogbo ọjọ́ ayé ẹ lo fi ń dápàárá nínú ilé yẹn, ẹ̀gbọ́n ẹ ò sì rẹ́rìn-ín sí ẹ rí.”

Persida la ẹnu, ó sì tún pa á dé. Ó yẹ kí n ti fura nígbà yẹn. Ẹni tó mọ Persida mọ̀ pé ẹnu rẹ̀ kì í padé láìnídìí.

Màmá Stanojka fà mí mọ́ra bí ẹni pé Persida kò sí níbẹ̀. “Ọmọ mi, ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ni mo fi bá ọkùnrin yìí gbé. Ó gbọ́ bùkátà mi, kò gbé ọwọ́ sókè sí mi rí. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo pa á lẹ́rìn-ín. Bí mo bá máa sùn tì í títí ayé, ojú yẹn ni mo fẹ́ kó máa fi wò mí.” Ó dìde, ó tún ìborùn rẹ̀ so. “Má sì sọ mí di ọmọge o. Mo rí ohun tó o fi Kosara ṣe. Ọmọ ẹ̀ débi ibojì, ó ń béèrè pé ọ̀dọ́mọbìnrin wo ni bàbá òun sin síbẹ̀.”

Òótọ́ ló sọ. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ń kọ́ iṣẹ́ yìí, ṣe ni mò ń ní kí kọ̀ǹpútà gbá iyanrìn kúrò lára gbogbo fọ́tò lẹ́ẹ̀kan náà. Ó máa gbá a, á sì gbá àádọ́ta ọdún mọ́ ọn. Kosara jáde bí ẹyin tí wọ́n sè tí wọ́n sì bó. Láti ìgbà náà ni mo ti gbọ́n. Mo ń fi búrọ́ọ̀ṣì inú kọ̀ǹpútà kun ibi tí mo bá fẹ́ kó mọ́ nìkan. Mo máa ń kun ẹ̀yìn fọ́tò dáadáa, mo máa ń kun aṣọ díẹ̀, mo máa ń kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́, mi ò sì jẹ́ fọwọ́ kan ojú àti ìhunjọ tó wà létí ojú.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì mo jókòó tì í. Kí n tó gbá ẹ̀yìn fọ́tò, mo máa ń kọ́kọ́ mú kó mọ́lẹ̀, kí n lè mọ ohun tó wà nínú òkùnkùn, kí n má bàa gbá etí ìkòkò ẹnìkan nù. Mo mú kó mọ́lẹ̀. Ìkòkò bàbà Zarko yọ, èyí tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ lù. Mo kun ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, iyanrìn lọ. Mo kun òkè rẹ̀ díẹ̀, ṣíbí igi ńlá kan yọ, ó dúró sókè lójú afẹ́fẹ́. Mo ní kí ni ṣíbí ń wá lókè báyẹn. Mo tẹ̀ lé ṣíbí náà wálẹ̀, mo kan ọwọ́. Mo tẹ̀ lé ọwọ́, mo kan Persida.

Ẹ̀yìn Màmá Stanojka gan-an ló dúró sí. Ó so ìborùn bí Màmá Stanojka ṣe ń so ó, ó fi ọwọ́ kan lé ìbàdí, ó fi èkejì na ṣíbí bí ẹni tó fẹ́ fi lu gbogbo ayé, ó wú ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì. Mi ò rí ohun tó jọ Màmá Stanojka tó bẹ́ẹ̀ rí, títí kan Màmá Stanojka fúnra rẹ̀. Mo bú sẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni mo tún wo ojú Zarko, tí mo tẹ̀ lé ibi tó ń wò. Èjìká ìyàwó rẹ̀ ni ojú rẹ̀ gbà kọjá. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu mi, inú mi sì bàjẹ́ gidigidi.

Kí n tó ṣílẹ̀kùn láàárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, Persida ti wà lẹ́nu ọ̀nà, òun nìkan.

“O ti rí i,” ó wí.

“Mo ti rí i, Àǹtí Persida.”

“Tèmi ṣe dára?”

“Ó dára ju bó ṣe yẹ lọ.”

Ó jókòó, ó gbé báàgì lé orúnkún. Ó ní ìgbà tí ọmọ náà fi fọ́tò hàn wọ́n lórí kámẹ́rà ni òun ti ń retí kí wọ́n rí òun, ṣùgbọ́n òkùnkùn ti bo òun. Kí ó tó lè sọ̀rọ̀, ìyàwó ti ń sáré kiri àdúgbò, tó ń sọ pé òun pa Zarko lẹ́rìn-ín. “Mo fẹ́ sọ fún un lọ́jọ́ kejì. Lọ́jọ́ kejì, ó ń kọrin nídìí ìfọṣọ. Tihomir, obìnrin yẹn kì í kọrin. Ṣé kí n wá sọ fún un pé irọ́ ni?” Ó nu ojú rẹ̀. “Fi mí sílẹ̀ nínú òkùnkùn tí mo wà. Ṣebí dúdú náà ni òkúta.”

Mo ronú pé obìnrin tí kò lè pa àṣírí adìyẹ mọ́ ti pa èyí mọ́ fún ogún ọdún, mo sì bọ̀wọ̀ fún un. Mo kun ẹ̀yìn fọ́tò náà dúdú pátá. Ó rọrùn. Ìṣẹ́jú méjì ni.

Ọjọ́ Ẹtì, Màmá Stanojka wá wo iṣẹ́ náà. Ó gbé gibanica wá, oúnjẹ tí à ń fi ìyẹ̀fun yan, wàràkàṣì inú rẹ̀ ṣì ń hó. Persida tẹ̀ lé e, ó lọ dúró sídìí fèrèsé. Mo fi fọ́tò náà hàn wọ́n. Màmá Stanojka sún mọ́ ọn títí imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan kọ̀ǹpútà.

“O ṣé, ọmọ mi. Mi ò di ọmọge.” Ó tún wò ó. “Ìkòkò ńkọ́?”

“Ìkòkò wo, Màmá?”

“Ìkòkò bàbà Zarko. Ẹ̀yìn mi níbí ló wà. Oṣù mẹ́ta ló fi lù ú.”

“Iyanrìn bò ó ni, Màmá. Kò ṣe é gbẹ́.”

“Ìwọ tó rí irun imú àlùfáà, o ò rí ìkòkò? Gbé e jáde.”

“Ìyàwó wa, jẹ́ kó simi,” Persida wí láti ìdí fèrèsé. “Ta ló ń gbé ìkòkò ọtí lọ sí ibojì?”

“Ìwọ kọ́ ló ni ibojì. Tihomir, mò ń dúró.”

Kí ni kí n ṣe? Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí òkùnkùn náà díẹ̀díẹ̀, láti apá òsì, bí ẹni tó ń ṣí ìdérí ọbẹ̀ onílé. Ìkòkò yọ. Màmá Stanojka mí kanlẹ̀. Mo ní ó ti tó, ó ní kò tíì tó, ó ní ọwọ́ ìkòkò kò tíì yọ. Mo tún ṣí i díẹ̀. Ọwọ́ ìkòkò yọ, orí ṣíbí náà sì yọ mọ́ ọn.

“Ṣíbí mi kọ́ nìyẹn? Ta ló gbé e dání?”

Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti ọwọ́ mi, búrọ́ọ̀ṣì náà gba fọ́tò kọjá, Persida sì jáde pẹ̀lú ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Màmá Stanojka wò ó pẹ́. Ó wo Zarko. Ó fi ìka tẹ̀ lé ojú Zarko lórí gíláàsì náà, láti ojú ọkọ rẹ̀ dé ẹ̀yìn èjìká ara rẹ̀, bí mo ti ṣe.

“‘Bọ́ bàtà ẹ kó o tó wọ inú ilé mi,’” ó wí.

A rò pé ọ̀kan nínú wa ló ń bá wí. Mo tiẹ̀ wo bàtà mi.

“Ohun tí mo sọ fún un nìyẹn. Òun ni ọ̀rọ̀ náà.” Ohùn rẹ̀ kò ga rárá. “Ogún ọdún ni mo fi ń yẹ̀ ẹ́ wò, tí mò ń wá ibi tí ẹ̀rín wà nínú ẹ̀. Mo tún un sọ fún un. Mo yí ohùn padà. Mo sọ ọ́ lọ́jọ́ ìbí ẹ̀, mo sọ ọ́ nígbà tí ara ẹ̀ ò yá. Kò rẹ́rìn-ín. Ṣe ló kàn ń bọ́ bàtà.”

“Ìyàwó wa,” Persida wí.

“Má pè mí ní ìyàwó.”

Ó gbé báàgì rẹ̀, ó gbé àwo gibanica náà, ó jáde. Bí mo ṣe mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti bàjẹ́ nìyẹn. Mi ò rí obìnrin ìlú wa tó gbé oúnjẹ wá tó tún gbé e padà rí. Persida dúró sídìí fèrèsé títí ó fi wo ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá afárá, omijé sì ń dà lójú rẹ̀ láìjẹ́ pé ó nù ún.

Ọjọ́ mẹ́rin kọjá. Radoje ń pè mí lórí fóònù pé òkúta ti dé, fọ́tò dà. Mò ń parọ́ fún un. Lọ́jọ́ karùn-ún, Màmá Stanojka ti ilẹ̀kùn wọlé, kò kí mi, ó jókòó.

“Ṣí i.”

Mo ṣí i.

“Mo dúró síwájú dígí láàárọ̀ yìí,” ó wí. “Mo so ìborùn, mo gbé ṣíbí, mo fọwọ́ lé ìbàdí. Èmi ni. Èmi gan-an ni. Persida kàn gbé mi wọ̀ ni. Ta ni Zarko wá ń rẹ́rìn-ín sí?”

“Ẹ̀yin ni, Màmá.”

“Èmi ni. Èmi tó wà níwájú ń sọ ti bàtà, èmi tó wà lẹ́yìn ń pa á lẹ́rìn-ín. Mi ò parọ́ fún ẹnikẹ́ni.” Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ti bá ara rẹ̀ ṣẹjọ́ fún ọjọ́ mẹ́rin tó sì borí. Lẹ́yìn náà ló wá rọ ohùn sílẹ̀. “Òun ló ní kó o kun òun dúdú?”

“Òun ni.”

“Persida. Tó sọ fún gbogbo ọjà ọjọ́ tí eyín mi bọ́.” Ó mi orí. “Tó bá kú, ta ló máa gbé fọ́tò tiẹ̀ sórí òkúta? Kò lọ́kọ, kò bímọ. Igi àgbélébùú ni wọ́n máa rì mọ́lẹ̀ fún un, ọdún mẹ́wàá, igi á jẹrà, kò ní sẹ́ni tó máa mọ̀ pé ó wà láyé rí.” Ó na ìka sí kọ̀ǹpútà. “Fi í sílẹ̀. Gbá iyanrìn ara ẹ̀. Ṣùgbọ́n kó má mọ́ tó tèmi o. Èmi ni ìyàwó.”

“Ẹ jẹ́ kí n yọ ṣíbí yẹn, Màmá. Orí ibojì ni.”

“Ṣíbí ńkọ́? Kó máa gbé e títí ayé. Ìjìyà ẹ̀ nìyẹn.”

Mo fi ọjọ́ méjì gbáko ṣe é, mi ò ṣe iṣẹ́ kankan tó dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀. Mo kun ògiri ahéré dáadáa, mo kun ìkòkò díẹ̀. Mo rọra gbá ara Persida, mo fi iyanrìn kékeré sílẹ̀ léjìká àti lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kó lè dúró sẹ́yìn níbi tó dúró sí. Radoje pè mí, ó ní ṣé orí mi pé, ó ní òun kò gbẹ́ ẹni tó ń wú ẹ̀rẹ̀kẹ́ rí. Mo ní kó gbẹ́ ohun tí wọ́n fún un.

Lọ́jọ́ tí ọdún pé, a kóra jọ síbi ibojì. Òjò ti rọ̀, oòrùn wá yọ. Persida kò tíì mọ nǹkan kan. Wọ́n ti ní kó gbé àlìkámà sísè wá, èyí tí à ń fi ṣúgà pò tí oníkálukú máa ń tọ́ wò nítorí òkú, abọ́ náà sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ṣíbí ńlá. Radoje ṣí aṣọ kúrò lórí òkúta. Àlùfáà dákẹ́ àdúrà. Zarko ń rẹ́rìn-ín. Stanojka, 1944, ìlà, àyè. Lẹ́yìn wọn, obìnrin kan gbé ṣíbí sókè, wọ́n sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀: Persida, 1949, ìlà, àyè.

“Ta nìyẹn?” àlùfáà béèrè.

“Èmi ni,” Màmá Stanojka wí. “Àwa méjèèjì ni. Ẹ máa bá àdúrà yín lọ, Fadá.”

Persida ń ka orúkọ ara rẹ̀. Nígbà tó kà á tán, ó ní, “Ìyàwó wa, o ò sì jẹ́ kí wọ́n bá mi nu ojú.”

“Sún sẹ́yìn,” Màmá Stanojka dá a lóhùn. “Ibi tó o wà nínú fọ́tò ni kó o dúró.”

Persida sún sẹ́yìn. A tọ́ àlìkámà wò, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sídìí ọtí. Èmi kò tíì lọ, mo fẹ́ wo bí abẹ́rẹ́ Radoje ṣe ṣe ìkòkò. Màmá Stanojka sún mọ́ òkúta, ó tún ìborùn rẹ̀ so, ó sì sọ ọ́ fún un lóhùn jẹ́jẹ́, pé, “Zarko, bọ́ bàtà ẹ kó o tó wọ inú ilé mi.”

Lẹ́yìn rẹ̀, Persida fi ọwọ́ kan lé ìbàdí, ó wú ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó ti rọ, ó gbé ṣíbí àlìkámà sókè. Màmá Stanojka kò bojú wẹ̀yìn. Ojú Zarko ló ń wò.